Bí Owó Ìrànwọ́ Wàrà Ṣe Dé Ọwọ́ Àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní àwọn káúńtì ìgbèríko Wisconsin àti New York, ọ́fíìsì ìjọba kan wà tí àwọn tó ń sin màlúù fún wàrà mọ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí ìwé owó ìrànwọ́. Ẹni tó bá rí wọn lónìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ìjọba fi ń ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ láìfi owó lé wọn lọ́wọ́ ní tààrà.

Wàrà kì í ṣe iṣu tí a lè tò sí àká títí ọjà yóò fi dára. Bí a bá ti fún un láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí ó tó bàjẹ́, iyekíye tí oníbàárà ìbáà dá lé e. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi di ìjà ní Wisconsin ní 1933, nígbà tí ọ̀dá owó gbòde, tí àwọn àgbẹ̀ ń da wàrà sí ẹ̀bá ọ̀nà kí ó má baà dé ọjà, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì kó ọmọ ogun tì wọ́n.

Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti 1949 ló fìdí ètò náà múlẹ̀. Ó ní iye wàrà gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 75 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí yóò fún àgbẹ̀ ní agbára ìrajà tí ó ní láàárín 1910 sí 1914. Ìjọba kì í ra wàrà tútù. Bọ́tà, wàràkàṣì àti wàrà oníyẹ̀fun ló ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́, kí àwọn náà lè san owó gidi fún àgbẹ̀. Nígbà tí òfin 1977 sọ ìdá 80 di èyí tó kéré jù, àwọn àgbẹ̀ fi màlúù kún màlúù. Wàràkàṣì kún ilé ìpamọ́, títí kan ihò abẹ́ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Missouri, débi pé ní oṣù Kejìlá 1981, Reagan, ààrẹ ìgbà náà, pàṣẹ kí wọ́n pín ìwọ̀n 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn rẹ̀ fún àwọn aláìní.

Lójú tèmi, ibí ni ìtàn náà ti yíjú. Òfin 1983 san dọ́là 10 fún àgbẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn wàrà tí kò fún. Ní 1986, ìjọba sanwó kí àwọn kan kó gbogbo agbo wọn kúrò, yálà fún pípa tàbí fún títà sókè òkun, kí wọ́n má sì padà sídìí iṣẹ́ náà fún ọdún 5. Irin gbígbóná ni wọ́n ní kí wọ́n fi sàmì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn màlúù náà, títí adájọ́ kan ní ìlú Rochester ní New York fi dá a dúró.

Òfin 2002 ló wá so owó náà mọ́ wàrà tí àgbẹ̀ ń tà gan-an. Nígbà náà, bí iye wàrà ní ìlú Boston bá lọ sílẹ̀ ju dọ́là 16.94 lọ lórí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, ìjọba a máa san ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó dín: bí ó bá dín dọ́là 3, àgbẹ̀ a gba dọ́là 1.35. Mílíọ̀nù 2.4 pọ́n-ùn lọ́dún fún oko kọ̀ọ̀kan ni ibi tó mọ, nítorí náà àwọn agbo kékeré ló jẹ ẹ́ jù.

Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀ kí ó tó gba owó yẹn, títí ètò náà fi parí ní 2014. Lábẹ́ òfin 2018, tí ń wo àlàfo láàárín iye wàrà àti iye oúnjẹ màlúù, ẹni tó bá fẹ́ ìdáàbòbò tó ga jù ní láti san sẹ́ǹtì 15 lórí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn.