Kí wọ́n tó rẹ́ òpó tí kò dára: ẹ̀tọ́ onílé lórí iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe

Bí wọ́n bá tú pákó lára òpó tó gbé dẹ́kìn yín, tí ẹ rí gráńáìtì tó yọ síta nídìí rẹ̀, tí ihò wà láàárín òkúta, tí irin sì ń yọjú, iṣẹ́ náà ti kùnà. Kánkéré náà gbẹ jù, tàbí wọn ò gbọ̀n ọ́n dáadáa, tàbí omi símẹ́ǹtì jò gba àárín pákó lọ. Bíríkìlà á ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ.” Ẹ má gbà. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, ẹ̀rí yín ti wọ abẹ́ símẹ́ǹtì, irin inú rẹ̀ á sì máa dógùn-ún lọ.

Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ di owó tó kù mú. Ẹ ya fọ́tò, kí tépù hàn nínú rẹ̀. Ẹ wọn irin tó yọ síta: kí àwòrán sọ pé mìlímítà 12, kó jẹ́ 10 ni wọ́n dì, kì í ṣe tuntun n'Ìbàdàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹńjíníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹńjíníà ní Nàìjíríà, tí kì í ṣe ẹni tí agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ mú wá. Òòlù ìdánwò tí wọ́n ń gbá mọ́ òpó, ojú kánkéré nìkan ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, kí wọ́n gbẹ́ díẹ̀ lára kánkéré náà jáde lọ dán wò ní lábù. Kí ẹńjíníà kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, kó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, kó sì fi wé àwòrán tí ìjọba buwọ́ lù. Kóòdù Ilé Kíkọ́ ti ọdún 2006 wúlò, ṣùgbọ́n àwòrán tí ẹ fà lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́ ni kò ní lè sẹ́.

Ẹ wá kọ lẹ́tà sí agbaṣẹ́ṣe, kí ẹ so àbájáde náà mọ́ ọn. Gbèdéke ọjọ́ 14 tó. Abala 130 FCCPA ti 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún yín láṣẹ pé kó tún iṣẹ́ náà ṣe, tàbí kó dá lára owó yín padà ní ìwọ̀n ibi tó bàjẹ́ dé. Ẹ má wó nǹkan kan kó tó wá wò ó. Ní kóòtù, á ní ẹ ò jẹ́ kí òun ṣàtúnṣe. Àfi bí ẹńjíníà bá ní ó lè wó: ẹ jáde níbẹ̀, kí wọ́n fi igi tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ ò ṣe àdéhùn oníwèé? Àwọn tó ń ṣe é gan-an ò pọ̀. Alert báǹkì, risíìtì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp lè dúró bí ẹ̀rí lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti 2011. Lọ́yà yín ló máa ṣètò ìwé tí abala 84 ní kó bá wọn rìn.

Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, kóòtù Májísíréètì ní Ìyágankú tàbí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ring Road, n'Ìbàdàn, ló kàn, bí owó bá ṣe pọ̀ sí. Kì í ṣe tẹ́ṣàn. Abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn torí àdéhùn tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá gba owó irin lọ́wọ́ yín pẹ̀lú irọ́, tí kò sì ní in lọ́kàn láti rà á rárá, ìyẹn ti di jìbìtì, iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ni.