Ọmọ ẹ̀yìn ní Róòmù àtijọ́ kì í ṣe alágbe

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé tálákà ni cliens, ọmọ ẹ̀yìn ẹni ńlá, tó ń jí lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó kó lè rí nǹkan jẹ, àti pé àánú lásán ni patronus, bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ń ṣe é. Inú ewì Martial àti Juvenal ni púpọ̀ nínú èrò yìí ti wá, akéwì ẹlẹ́fẹ̀ sì làwọn méjèèjì. Ta ló ń fi orin ẹ̀fẹ̀ jẹ́rìí nílé ẹjọ́?

Ìkíni àárọ̀, salutatio, ló ń tan èèyàn jẹ. Ní ìdájí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn á ti wé toga mọ́ra, aṣọ onírun àgùntàn tó wúwo, tó ń mú èèyàn làágùn, wọ́n á sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Ẹrú kan wà nílé tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán ọ̀gá létí orúkọ ẹni tó ń wọlé. Wọn kì í sì í gba gbogbo wọn bákan náà. Seneca, ọlọ́gbọ́n orí Róòmù, kọ ọ́ pé Gaius Gracchus, olóṣèlú, ló kọ́kọ́ pín àwọn tó ń wá kí i sí mẹ́ta, tí Livius Drusus, olóṣèlú mìíràn, sì tẹ̀ lé e: àwọn kan ń rí i ní ìkọ̀kọ̀, àwọn kan ń wọlé pẹ̀lú èèyàn díẹ̀, àwọn yòókù ń rọ́ wọlé pọ̀. Juvenal fúnra rẹ̀ kó praetor àti tribune, àwọn ìjòyè ìlú, mọ́ àwọn tó ń tò. (Òun náà ló sọ ti ọkùnrin tó mú àga tí wọ́n ta aṣọ bò wá, òfìfo, tó ní ìyàwó òun ló ń sùn nínú rẹ̀, kó lè gba ìpín ẹni méjì.)

Ohun tí wọ́n ń pín fún àwọn tó wá kíni ń jẹ́ sportula, apẹ̀rẹ̀ kékeré, nítorí oúnjẹ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà ayé Martial ó ti di owó: 100 quadrans, owó ẹyọ kékeré, ìyẹn sesterce (owó Róòmù tó jù ú lọ) 6 àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Olú-ọba Domitian fagi lé owó náà, ó ní kí wọ́n padà máa gbé oúnjẹ gidi kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó níye lórí jù ni ẹni tí yóò bá èèyàn ro ẹjọ́. Òfin Cincia, ọdún 204 ṣáájú ìbí Kristi, kò gbà kí agbẹjọ́rò gba owó tàbí ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó ń rojọ́ fún. Ẹni tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀?

Ọmọ ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀ tó ń ṣe. Dionysius ará Halicarnassus, òpìtàn, kọ ọ́ pé láyé àtijọ́, bí owó bá wọ́n bàbá ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń dá owó ìgbéyàwó ọmọbìnrin rẹ̀ (ní Róòmù, láti ilé ìyàwó ni owó ti ń lọ sílé ọkọ), àwọn ni wọ́n ń rà á padà lọ́wọ́ ọ̀tá. Bàbá ìsàlẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí tako ara wọn. Òfin Wàláà Méjìlá, òfin Róòmù àtijọ́ láti nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Kristi, sì kọjú sí ẹni ńlá: bàbá ìsàlẹ̀ tó bá rẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ ti di sacer, ẹni ègún tí wọ́n fà lé òrìṣà lọ́wọ́.

Ibi tí òfin ti le jù ni ọ̀rọ̀ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ di patronus rẹ̀ lọ́gán, ẹrú àná yìí kò sì lè pe ọ̀gá náà lẹ́jọ́ láìgba àṣẹ praetor. Láti ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Kristi, bí dúkìá ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ bá tó sesterce 100,000 tí ọmọ rẹ̀ kò sì pé mẹ́ta, ọ̀gá àtijọ́ ní ìpín nínú ogún rẹ̀. Alágbe wo ló ní 100,000?

Odindi ẹ̀yà náà ń ní bàbá ìsàlẹ̀. Lọ́dún 63 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀dọ̀ Fabius Sanga ni àwọn aṣojú ẹ̀yà Allobroges láti Gaul (ilẹ̀ Faransé òní) gbé àṣírí ọ̀tẹ̀ tí Catiline ń dì sí ìjọba Róòmù lọ, torí òun ni bàbá ìsàlẹ̀ tiwọn. Òun ló sọ fún Cicero, consul, ìyẹn olórí ìjọba, lọ́dún náà. Cicero yìí kan náà ló sọ pé bí ikú ló rí lára àwọn ẹni ńlá pé kí wọ́n pè wọ́n ní cliens. Amicus, ọ̀rẹ́, ni wọ́n fẹ́ràn. Ìdí nìyẹn tí Horace, akéwì, fi pe Maecenas, bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ní ọ̀rẹ́ nínú ewì rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ patronus ṣí lọ bá àwọn ẹni mímọ́. Paulinus ará Nola ní Ítálì pe Felix Mímọ́ ní patronus, ó sì ń kéwì fún un lọ́dọọdún ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà nínú oyè Patrona Cuba tí póòpù fi fún Virgen de la Caridad del Cobre, Màríà Wúńdíá ti ìlú El Cobre ní Cuba, ní 1916, ẹni tí àwọn Lukumí, àwọn tó ń bọ òrìṣà Yorùbá níbẹ̀, ń rí Ọ̀ṣun nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tó sì rí ohun tó tọrọ, El Cobre ló ń padà lọ láti san án.