Subsidiary alliance: ọmọ ogun tí Nizam ń sanwó fún, tí kò lè pàṣẹ fún

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní subsidiary alliance kò ṣeé fò nínú ìtàn bí wọ́n ṣe jọba lé Íńdíà lórí. Àdéhùn ni, láàárín ọba kan àti Ilé-iṣẹ́ East India, ìyẹn àwọn oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ní ọmọ ogun tiwọn. Ilé-iṣẹ́ náà á fi ọmọ ogun sí ilẹ̀ ọba láti dáàbò bò ó, ọba á sì máa san owó wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun Ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló ń pàṣẹ fún wọn. Hyderabad, ní ilẹ̀ Deccan, ni ibi tí a ti lè rí iṣẹ́ àdéhùn yìí dáadáa, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí i títí dé ọjọ́ tí ilẹ̀ fi bọ́.

Nizam ni wọ́n ń pe ọba Hyderabad. Aṣojú ọba Mughal ti Delhi ni ẹni àkọ́kọ́ wọn, Asaf Jah Kìíní, kó tó gba agbára sọ́wọ́ ara rẹ̀ ní 1724. Ní 1795, àwọn Maratha, alágbára ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, ṣẹ́gun Nizam Ali Khan ní Kharda, wọ́n sì gba ilẹ̀ àti owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fojú sọ́nà pé Ilé-iṣẹ́ náà yóò gbà á. Wọn kò dá sí i. Ó wá gbára lé àwọn ọmọ ogun tí Raymond, ará Faransé, ń kọ́ níṣẹ́ ogun. Raymond kú ní oṣù Kẹta 1798. Ọdún yẹn náà ni Wellesley dé sí Calcutta gẹ́gẹ́ bí Gómìnà Àgbà, ohun tó sì kọ́kọ́ fẹ́ ni kí agbára Faransé kúrò láàfin àwọn ọba Íńdíà.

Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1798. Nizam gba bàtálíọ̀nù mẹ́fà, 6,000 ọmọ ogun, yóò sì máa san rúpì 2,417,100 lọ́dún. Ó gbà láti lé àwọn ọ̀gágun Faransé lọ. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Raymond láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Owó yẹn pọ̀, ọjọ́ ìsanwó kì í sì yẹ̀, yálà òjò rọ̀ àbí kò rọ̀. Owó-orí àgbẹ̀ ni ọba fi ń san án, owó-orí àgbẹ̀ sì ń dínkù lọ́dún ọ̀dá. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àdéhùn oṣù Kẹwàá 1800, wọ́n sọ ọmọ ogun di bàtálíọ̀nù mẹ́jọ àti ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì, wọ́n sì ní kí Nizam fi ilẹ̀ dípò owó. Ó kó gbogbo ilẹ̀ tó pín nínú ogun Tipu Sultan ti Mysore ní 1792 àti 1799 fún wọn: Bellary, Cuddapah àti àwọn agbègbè wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní Ceded Districts. Rayalaseema ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ń jẹ́ lónìí, àwọn oníṣòwò fíìmù Telugu sì ṣì ń pè é ní Ceded. Nizam bọ́ lọ́wọ́ owó ọdọọdún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà lọ pátápátá. Àdéhùn kan náà ní kò gbọdọ̀ bá ọba mìíràn dúnàádúrà láìjẹ́ pé Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ sí i.

Rẹ́sídẹ́ǹtì, ajẹ́lẹ̀ wọn ní Hyderabad, ló ń mójú tó gbogbo èyí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé oyè yìí kan náà dé ọ̀dọ̀ wa: Captain Bower ni Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn lẹ́yìn àdéhùn 1893, òun náà ló sì yìnbọn àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895. Iṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ Hyderabad dé ibi yíyan ẹni tí yóò ṣàkóso. Munir-ul-Mulk ni wọ́n pè ní olórí ìjòyè, ṣùgbọ́n wọ́n mú kó gbà pé òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìjọba. Chandu Lal, tí Rẹ́sídẹ́ǹtì wà lẹ́yìn rẹ̀, ló ń ṣe é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an ni ọmọ ogun kejì. Àdéhùn 1800 sọ pé bí ogun bá dé, Nizam yóò fi 6,000 ẹlẹ́sẹ̀ àti 9,000 ẹlẹ́ṣin tirẹ̀ kún ti Ilé-iṣẹ́ náà. Rẹ́sídẹ́ǹtì Henry Russell dìde lórí gbólóhùn yìí, ó kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jọ tí àwọn ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì ń darí, tí Nizam ń sanwó fún, lásìkò àlàáfíà pàápàá. Òun ni wọ́n wá ń pè ní Hyderabad Contingent. Nizam ti fi ilẹ̀ sanwó ọmọ ogun àkọ́kọ́. Ó tún ń sanwó èkejì.

Owó kò tó, Chandu Lal yá a lọ́wọ́ ilé báǹkì Palmer tó wà ní Hyderabad, pẹ̀lú èlé gọbọi. Òfin kò jẹ́ kí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yá ọba Íńdíà lówó, ṣùgbọ́n wọ́n yọ Palmer sílẹ̀ nínú òfin náà ní 1816. Nígbà tí Metcalfe di Rẹ́sídẹ́ǹtì ní 1820, ó dojú ìjà kọ báǹkì náà. Láti san gbèsè yẹn, Nizam fi ìṣákọ́lẹ̀ tí Ilé-iṣẹ́ náà ń san fún un lórí Northern Circars, ilẹ̀ etí òkun ní ìlà-oòrùn Íńdíà, sílẹ̀ títí láé, ó gba owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dípò rẹ̀. Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé tún dín kan.

Ní oṣù Karùn-ún 1853, Dalhousie, Gómìnà Àgbà ìgbà yẹn, sọ pé gbèsè owó Contingent ti pọ̀ jù, kí Nizam fi ilẹ̀ dí i. Nizam Nasir-ud-Daula kọ̀, ó tún kọ̀, kó tó fọwọ́ sí i. Ó fi Berar, ilẹ̀ òwú, àti Raichur pẹ̀lú Osmanabad sábẹ́ àkóso wọn. Ẹni tó bá ti rí oko kòkó tí wọ́n fi dógò yóò mọ̀ ọ́n: ẹni tó yáni lówó ló ń ká kòkó, gbèsè sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Hyderabad kò bá wọn jà nínú ọ̀tẹ̀ 1857, tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà dìde sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá Raichur àti Osmanabad padà ní 1860, wọ́n sì pa gbèsè 5,000,000 rúpì rẹ́. Berar kò padà. Nínú àdéhùn 1860 náà ni Nizam ti gbà pé òun kò ní béèrè ìṣirò owó tó ń wọlé láti Berar mọ́. Lójú tiwa, gbólóhùn yẹn ló ṣe é léṣe jù, torí pé láìsí ìṣirò, kò sí bó ṣe lè mọ iye tó yẹ kó ṣẹ́ kù fún un.

Ní 1902, Curzon, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, gba Berar títí ayérayé, ó ń san 2,500,000 rúpì fún Nizam lọ́dún. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n da Contingent pọ̀ mọ́ ọmọ ogun Íńdíà. Ọmọ ogun tí wọ́n torí rẹ̀ gba ilẹ̀ dógò kò sí mọ́, wọn kò sì dá ilẹ̀ náà padà. Nizam Osman Ali Khan béèrè rẹ̀ ní 1923. Ní oṣù Kẹta 1926, Lord Reading, tó wà ní ipò Curzon nígbà náà, kọ̀wé sí i pé ọba Íńdíà kankan kò lè bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Ní 1936 wọ́n gbà pé Nizam ló ni Berar, wọ́n sì fi oyè Prince of Berar dá àrólé rẹ̀ lọ́lá, ṣùgbọ́n Central Provinces ni wọ́n ti ń ṣàkóso rẹ̀.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní oṣù Kẹjọ 1947, àwọn àdéhùn yìí bá wọn lọ. Nizam fẹ́ dá dúró. Ọmọ ogun Íńdíà wọ Hyderabad ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án 1948. Ní ọjọ́ 17, ó ní kí ọmọ ogun òun má jà mọ́. Ní 1956, wọ́n pín ìpínlẹ̀ náà sí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí èdè ṣe rí: Telugu, Marathi àti Kannada.