Ẹ Tọ́jú Bíréèkì Kí Ẹ Tó Kun Ọ̀dà

Oṣù Kẹjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, àwọn oníbàárà mi sì ti bẹ̀rẹ̀ ìranù wọn. Sátidé kẹta oṣù náà ni Woodward Dream Cruise, àríyá àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n ti ń ṣe ní ẹkùn Detroit níbí láti 1995, torí náà gbogbo ẹni tó ní Mustang, Charger, Chevelle tàbí GTO ayé ijọ́un ló ń sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni wọ́n ń bá wá. Chrome ńkọ́? “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yìí tún bú ramúramù sí i.” Ẹyọ ẹnì kan kì í bi mí bí mọ́tò náà á ṣe dúró.

Mi ò ní sọ ti kábúrẹ́tọ̀ àti pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹni tí kò mọ ìyẹn, kí ló ń fi irú ọkọ̀ yìí ṣe? Bíréèkì ni tèmi.

Ẹ wo Pontiac GTO 1966. Agbára ẹṣin tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó kéré tán, 335 ni, ọkọ̀ náà sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Kí ni wọ́n wá fi ń dá a dúró? Drum, ìyẹn bíréèkì onígbá irin, ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti master cylinder (pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì) olójúlé kan ṣoṣo. Ojúlé kan yẹn ló ń bọ́ iwájú àti ẹ̀yìn. Bí páìpù kan bá ti bẹ́ níbikíbi, ibẹ̀ ni ọ́ìlì gbogbo wọn máa gbà jáde, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ wọ̀ọ̀, kò sì ní sí èyí tó máa mú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọdún 1967 ni Pontiac tó gbé olójúlé méjì sí i, tí iwájú ní tirẹ̀, tí ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀. Nígbà tó di 1968, ìjọba Amẹ́ríkà sọ irú rẹ̀ di dandan fún ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo “original, original,” ẹ jẹ́ kí n fi olójúlé méjì sí i, kí ẹ gbé ti àtijọ́ sínú páálí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ dá a padà.

Ti ọ́ìlì bíréèkì tún wà níbẹ̀. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, kódà bí ọkọ̀ kò bá kúrò ní gáréèjì. DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé 205 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní nǹkan bí 140. Bó bá ti hó, ó di afẹ́fẹ́ gbígbóná nínú páìpù. Ẹ sì lè tẹ afẹ́fẹ́ títí kó sún kì, ẹ kò lè tẹ ọ́ìlì bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí bíréèkì fi ń rọ̀ lẹ́sẹ̀. Omi yẹn kan náà ló ń mú kí páìpù irin dógùn-ún láti inú, tí òde á ṣì máa dán. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn lọ́dún méjì-méjì. Ṣé ó wá ṣòro ni?

Ládípọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ASE, àjọ tó ń dán mẹkáníìkì wò ní Amẹ́ríkà, sì fún mi ní ìwé ẹ̀rí bíréèkì níbí, nítorí náà ẹ má fi mí wé àwọn tó wo fídíò méjì tí wọ́n gbé sípánà. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ra GTO 1966 aláwọ̀ búlúù. Pásítọ̀ da òróró sí i ní bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mi ò bá àdúrà jà o, ẹlẹ́sìn lèmi náà, ṣùgbọ́n òróró kò wọ master cylinder. Ohun tó wọ̀ ọ́ ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀rẹ́ wọn tó ń pe ara rẹ̀ ní mẹkáníìkì fi kún un nígbà tó rí i pé ojúlé ti ń gbẹ. “Ọ́ìlì kúkú ni gbogbo wọn.” Irọ́ ńlá! Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ kan rọ́bà inú bíréèkì, ńṣe ni rọ́bà náà á wú bíi gàrí tó rí omi. Nígbà tí mo tú u lẹ́yìn ọ̀rọ̀, rọ́bà róbótó tó yẹ kó le, kó sì bá ihò rẹ̀ mu, ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó ń fi dúdú yí mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, iná pupa ló ní kí ẹ̀gbọ́n dúró. Wọ́n tẹ bíréèkì, ó wọlẹ̀. Wọ́n tún un tẹ̀, pàbó. Hándibíréèkì ọkọ̀ yẹn, ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, wáyà ló sì ń fà á, kò dúró de ọ́ìlì kankan. Ó yẹ kó gbà wọ́n. Wáyà ti há tipẹ́, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n yà fún àwọn tó ń sọdá, wọ́n lọ fi imú ọkọ̀ gbá òpó iná. Bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ti èjìká, ni sítíárìn bá gbá wọn láyà. Egungun ìhà méjì ṣẹ́. Mo lọ kí wọn ní ọsibítù, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí: “Ṣé ọ̀dà búlúù yẹn ṣì wà lọ́jà?” Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìhà jinná ná.

Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ yín bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ tẹ bíréèkì níbi tó dúró sí, kí ẹ fi ẹsẹ̀ sí i títí ẹ ó fi ka ọgbọ̀n. Bó bá ń yọ́ wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má wà á wá o. Ẹ pe àwọn tó ń fa ọkọ̀. Iye tí wọ́n máa gbà kò tó owó òpó iná tí wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n san.