Ẹnu Eégún Ni Dadakúàdà Ti Jáde

Dadakúàdà ni orin oríkì onílù tí a mọ Ìlọrin mọ́. Bí ẹgbẹ́ onídadakúàdà kan tí ó ti túká fún ọdún pípẹ́ bá tún kóra jọ sójú agbo ní Ìlọrin, tí àwọn elégbè tí irun wọn ti funfun sì ń gbè é bíi ti àtijọ́, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bèèrè ni ibi tí orin náà ti ṣẹ̀. Èrò àwọn tí wọ́n ní ẹnu eégún ni ó ti jáde ni èmi fara mọ́.

Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ pọ̀ ní Ìlọrin nígbà ayé Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, n kò sì rò pé wọ́n lè ṣí wá síbẹ̀ kí wọ́n fi ọ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn àwọn òṣèré eégún, sílé. Nígbà tí Àfọ̀njá kú ní àwọn ọdún 1820, tí Abdulsalami ọmọ Ṣéù Àlímì di ẹ́míà àkọ́kọ́, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì fìdí múlẹ̀, ó jọ pé ẹ̀kú nìkan ni àwọn ọ̀jẹ̀ bọ́ sílẹ̀, wọn kò pa ohùn tì. Àwọn alátakò, tí wọ́n ní Ìlọrin kò ní eégún, a máa ka oríkì ìlú sí wa létí pé “Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀,” bí ẹni pé ẹni tí kò mọ eégún rí yóò máa wá ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wo onídadakúàdà lójú agbo. Yóò kọ́kọ́ fi orúkọ Ọlọ́run àti Ànábì ṣí ẹnu, níbi tí ọ̀jẹ̀ ti máa ń júbà. Bí ó bá sì tajú kán rí ọmọ ilé Oníkòyí láàárín èrò, yóò ní kí ìlù rọlẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, kí àwọn elégbè tó gba orin lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀sà, ìyẹn ewì eégún, ń gbà gan-an nìyẹn. Àwọn kan ní inú wéré tí wọ́n fi ń jí ènìyàn sí sààrì ni ó ti wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn àáfáà kan ṣe ń bá a jà?

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó gbé e kọjá Kwara, nípasẹ̀ Odòlayé Àrẹ̀mú, tí ó dárò Ládòkè Akíntọ́lá tí àwọn ológun pa ní oṣù kìíní ọdún 1966, àti Jáígbadé Àlàó pẹ̀lú Ọmọ́ékeé Àmáó. Kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e, fóònù tẹ̀lé kásẹ́ẹ̀tì. Fújì ti gba òde lọ́wọ́ wọn níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìwúyè bá kò ní Ìlọrin, ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n ki baba òun dáadáa ṣì ń ránṣẹ́ sí onídadakúàdà.