Bí Àga Aṣòfin Ṣe Ń Pín ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Àga 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òkè-Mósàn, l'Abẹ́òkúta. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló ń pín in. Kálukú mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà tó ṣẹ́kù bọ́ sọ́wọ́ Abẹ́òkúta Gúúsù, Ìfọ̀, Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìjẹ̀bú Àríwá, Ṣágámù àti Yewa Àríwá. Gómìnà kọ́ ló ń pín in o, àwọn aṣòfin náà kọ́. INEC ni òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Wọ́n á fi iye àga pín iye èèyàn ìpínlẹ̀. Iye tó bá jáde ni kí ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan sún mọ́ dé ibi tó bá ṣeé ṣe. Ìkànìyàn 2006 ka nǹkan bíi 3,750,000 ní Ògùn, nítorí náà èèyàn bíi 144,000 ló yẹ kó ní aṣòfin kan.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Abẹ́òkúta Gúúsù ní bíi 250,000 èèyàn, àga méjì: 125,000 fún ẹnì kan. Ìyẹn ò burú. Abẹ́òkúta Àríwá, láti Láfẹ́nwá títí dé Ìmàlà, ní bíi 200,000, aṣòfin kan ṣoṣo ló ní. Ọ̀tà ló wá burú jù: Adó-Odò/Ọ̀tà lé ní 520,000, àga méjì péré. Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n tí kò ju 80,000 àti díẹ̀ lọ ní odindi kan. Ohùn ará Ìmẹ̀kọ kan tó ti ará Ọ̀tà mẹ́ta.

Ti àwọn aṣojú-ṣòfin wa l'Ábújá náà rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta Gúúsù dá ní aṣojú kan tirẹ̀. Abẹ́òkúta Àríwá, Odẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí àpapọ̀ wọn lé ní 500,000, ń pín ẹyọ kan.

Àwọn tó fa ìlà ẹkùn ìdìbò wọ̀nyí kò fi dandan ṣe ojúsàájú. Ọdún 1996 ni wọ́n fà á, kí owó ilé Èkó tó lé èèyàn rẹpẹtẹ wá sí Ọ̀tà àti Ìfọ̀. Òfin ní kí INEC má tún un yẹ̀ wò kí ọdún mẹ́wàá tó pé, àyàfi bí ìkànìyàn tuntun bá wáyé tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó sọ ìgbà tó yá jù, kò sọ ìgbà tó pẹ́ jù.

Bí wọ́n bá fẹ́ tún un fà, wọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń kó pọ̀, bí ẹni ń to bíríkì. Abẹ́òkúta Gúúsù ní 15. Aké nìkan ní mẹ́ta níbẹ̀: ṣé kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sápá kan, àbí kí wọ́n gé Aké sí méjì kí iye lè bára mu? Ìṣirò ò lè dáhùn ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ilé aṣòfin àpapọ̀ l'Ábújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì ní múlẹ̀ títí sáà àwọn aṣòfin tó wà lórí àga yóò fi parí. Bí 26 bá sì dúró síbẹ̀, àga tí wọ́n bá fi kún ti Ọ̀tà, ọwọ́ ìlú kan ni wọ́n ti máa gbà á.