Etí Ni Kí Ẹ Fi Wo Ètò Ọmọdé: Orin Tẹlifíṣọ̀n Láyé Àtijọ́ àti Lóde Òní

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá kọ́ orin lọ́dọ̀ mi ní Ilé-Ifẹ̀ kì í yé bi mí, pàápàá àwọn tí irun orí wọn ti ń funfun díẹ̀díẹ̀: ṣé òótọ́ ni pé orin inú ètò ọmọdé ayé àtijọ́ sàn ju ti ìsinsìnyí lọ, àbí àgbà tó ń dé sí wa ló ń mú wa rò bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé orin burúkú wà nígbà náà, orin gidi sì wà nísinsìnyí. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú gbà pé ọmọdé ní etí tó lè gbọ́ ohun tó jinlẹ̀, ó sì ní ẹnu tó fẹ́ fi dáhùn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ètò tí a ń rí lórí fóònù lónìí ni wọ́n ṣe bí ẹni pé ojú nìkan ni Ọlọ́run dá mọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ bá kátúùnù pàdé. Kò sí ẹni tó wo Tom and Jerry ní kékeré tí kò mọ ìró ẹsẹ̀ ológbò náà bó bá ń yọ́ tẹ̀lé eku, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé Scott Bradley ni ọkùnrin tó kọ orin rẹ̀ láti ọdún 1940 títí di ọdún 1958, àti pé wọn kò fi orin náà dí àlàfo rárá. Bradley ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ olórin tó ní ohun èlò olókùn àti fèrè oríṣiríṣi, ó sì wọn orin mọ́ ìṣísẹ̀ àwòrán débi pé bí ológbò bá ń gun àkàbà, orin yóò máa gùn ún pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1947, wọ́n gbé èyí tí ológbò ti wọ kóòtù jókòó sídìí dùùrù jáde, níbi tó ti ń tẹ Hungarian Rhapsody kejì tí Franz Liszt kọ, tí eku tó ń sùn nínú dùùrù náà sì jí tìbínú-tìbínú. Ọmọ tó wò ó ní Lágere tàbí ní Ilárè ní Ifẹ̀ níbí kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Liszt, kò sì dìgbà tó bá mọ̀ ọ́n kó tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orin àwọn àgbà ti wọ̀ ọ́ létí láìsí ẹni tó nà án lẹ́gba.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ètò tí Fred Rogers ṣe fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1968 sí ọdún 2001. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú orin ni Rogers fúnra rẹ̀, òun ló sì kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn orin ètò náà. Inú sítúdíò kan náà ni Johnny Costa, àgbà olórin jáàsì, ti ń tẹ dùùrù fún un lójúkojú, tó ń wo bí Rogers ṣe ń wọlé, bó ṣe ń pààrọ̀ bàtà, bó ṣe ń dákẹ́ láti ronú, tí ìka rẹ̀ sì ń tẹ̀lé gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló ń ṣe títí ó fi kú ní ọdún 1996. Bí ẹ bá di ojú yín gbọ́ ohun tí Costa ń tẹ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fún. Sesame Street náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, gba Joe Raposo láti máa kọ orin fún un, ó sì ń pe àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká olórin wá. Nígbà tí Stevie Wonder wá síbẹ̀ ní ọdún 1973, gbogbo ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ ló kó wá, wọ́n sì lu orin wọn bí wọn ì bá ṣe lù ú fún àgbàlagbà. Ọmọkùnrin kan wà lórí àtẹ̀gùn irin lẹ́yìn wọn tó ń mi orí bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ fẹ́ já. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni ló kọ́ ọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ara àwọn tó sì rí àyè níbẹ̀ ni àwọn òṣèré tó ti ń gbé ìlù àti orin káàkiri ìlú. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá ti gbogbo ayé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ní Iléṣà lọ́hùn-ún. Olórin háílàìfù ni kó tó di aláwàdà, abẹ́ rẹ̀ sì ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà èwe rẹ̀. Wọn kò ṣe àwàdà rẹ̀ fún ọmọdé, àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé ọmọdé ló ń kún iwájú tẹlifíṣọ̀n ẹni tó bá ní in ládùúgbò? Lẹ́yìn náà ni NTA gbé Tales by Moonlight jáde ní àwọn ọdún 1980, níbi tí àwọn ọmọ ti ń jókòó yí apàlọ́ ká. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìlànà àlọ́ ni wọ́n tẹ̀lé: apàlọ́ á ké, àwọn ọmọ á dáhùn, ìtàn á sì dúró díẹ̀ kí orin lè ṣe tirẹ̀.

Ìdúró díẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀mí orin ọmọdé Yorùbá, orin àlọ́ Ìjàpá àti babaláwo ni mo sì máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí. Bí olórí orin bá ti lé e pé “Babaláwo mo wá bẹ̀bẹ̀”, àwọn yòókù á gbè é pé “alugbinrin”. Lílé ń yí padà bí ìtàn ṣe ń lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni Ìjàpá ti ń jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, ègbè kò sì yí padà rárá, nítorí náà ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì péré ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí lílé dáadáa kó lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé àti ìgbà tó kàn án. Nínú kíláàsì mi, bí mo bá lé e tán tí mo sì pa ẹnu mọ́, ọmọ tó ti ki ìka bọnu láti àárọ̀, tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, á yọ ìka náà kó lè gbè é. Orin ọ̀hún kò ga ju agbára rẹ̀ lọ: ohùn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kò tíì gbòòrò, nǹkan bí ìró márùn-ún tàbí mẹ́fà tó tẹ̀ léra ló lè kọ láìfi ariwo kún un, orin àlọ́ púpọ̀ kò sì kọjá ibẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe gbogbo ohun tó ti pẹ́ ló dára. Láyé tí mò ń wí yìí kan náà, a máa ń rí ètò tí wọ́n ti to àwọn ọmọ ilé ìwé nínú aṣọ ilé ìwé bí ẹni to àgbàdo, tí wọ́n ń kọ orin Òyìnbó tí kò yé wọn, tí kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ń bá wọn lọ, tó sì jẹ́ pé ohùn tíṣà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà nìkan ni makirofóònù ń gbé. Bí wọ́n bá sì kọrin Yorùbá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orin tí wọ́n fi àṣà orin ìsìn àtijọ́ kọ, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìwo òkè wo ilẹ̀. Àléébù yìí kò bò mọ́ àwọn àgbà lójú: Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, ti tẹ ìwé jáde ní ọdún 1953 lórí bó ṣe yẹ kí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin bára wọn mu nínú èdè wa.

Àléébù náà ló tún gba ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì padà wọlé. Ẹ wo ohùn orin ìràwọ̀ tí gbogbo ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn kan náà tí wọ́n fi ń kọ A B D wọn. Ilẹ̀ Faransé ni ohùn orin náà ti wá láti bíi ọ̀rúndún kejìdínlógún, Mozart pàápàá mú un, ó sì fi dá oríṣiríṣi àrà lórí dùùrù. Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ bíi “Ìràwọ̀ kékeré wá” lé e: do do sol sol la la sol. “Ìrà” bọ́ sórí do méjèèjì, ìyẹn dára, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n “wọ̀”, tó yẹ kó dúró sísàlẹ̀ pẹ̀lú wọn, ti fò lọ sórí sol, ó sì ti di “wọ́” létí ẹni tó ń gbọ́. Kò tán síbẹ̀, nítorí “ke” tó wà láàárín “kékeré”, tó yẹ kó rẹlẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ti gun orí la, ó ti ga jù ú. Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nílé lójoojúmọ́ á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ di alẹ́, irú èyí tó ti wá pọ̀ ní Ifẹ̀ báyìí, tó sì jẹ́ pé fídíò náà ni wọ́n ní kó fi kọ́ èdè, ohùn òdì ló ń kọ́.

Kí ló fà á? Owó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ọmọdé lédè Yorùbá lórí YouTube jẹ́ iṣẹ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ tí àwòrán ti gba gbogbo owó ọwọ́ wọn, orin ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Wọ́n á wa ìlù tí kọ̀ǹpútà ti lù sílẹ̀, wọ́n á gbé ohùn lé e, ó parí. Wọ́n ti pe èmi náà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n ní kí n fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ṣe orin tí wọn yóò lò fún gbogbo ètò wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà ti bu ìtanràn 170 mílíọ̀nù dọ́là lé Google àti YouTube nítorí ìwífún àwọn ọmọdé tí wọ́n ń kó jọ, YouTube ṣíwọ́ fífi ìpolówó tó ń tọpa olùwòran sórí fídíò ọmọdé. Òfin tó dáa ni, ṣùgbọ́n irú ìpolówó yẹn ló ń mówó wọlé jù, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fídíò sì wá rí i pé kí fídíò pọ̀, kó gùn, kó má sì náni lówó ló kù.

Fóònù pàápàá lọ́wọ́ sí i. Ẹ̀rọ ohùn tó wà nínú rẹ̀ kéré débi pé ìró tó wúwo kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, ẹni tó bá sì mọ̀ pé fóònù ni ọmọ yóò fi wò ó kì í yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí ìyáàlù; ìró tó ń han lásán ló máa ń kó síbẹ̀. Ohùn àgbà tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà fún kó lè dà bí ti ọmọdé náà wà níbẹ̀, ó sì máa ń ga ju ibi tí ọmọ gidi lè kọ orin dé lọ, èyí ló fà á tí ọmọ yín fi ń pariwo dípò kó kọrin. Ti Baby Shark ńkọ́, tí iye ìgbà tí wọ́n wò ó lórí YouTube ti kọjá bílíọ̀nù 10 láti oṣù kìíní ọdún 2022? Kò pa ọmọ lára, ó dára fún ijó, ó tiẹ̀ rọrùn láti kọ. Ẹ̀sùn mi sí i kò ju pé bí ẹ bá ti gbọ́ ìlà kìíní, ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé ayé òde òní kò lè ṣe dáadáa kò tíì fetí sí Bluey, kátúùnù ilẹ̀ Ọsirélíà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méje ni ètò kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ Joff Bush àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń kọ orin tuntun fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú èyí tí ọmọ ajá kékeré kan ti ń lá àlá pé òun wà láàárín àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, orin Jupiter tí Gustav Holst kọ ni wọ́n lò, wọn kò sì gbé e jáde tán láìtíì dé ibi tí ìtàn ti nílò rẹ̀. Àwo orin wọn tó jáde ní ọdún 2021 gba ipò kìíní nígbà náà lórí àtẹ tí wọ́n fi ń ka àwo tó tà jù ní Ọsirélíà.

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí ètò bá ń lọ, kí ẹ fi etí lásán gbọ́ ọ. Bí ẹ kò bá lè sọ ibi tí orin kan parí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ irú ohun tó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ orin Yorùbá, ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè bí ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wá kọ ọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ohùn ti yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ tún kíyè sí ọmọ náà bí iná bá ti lọ, tí gbogbo nǹkan sì ti kú, bóyá ó ń kọ orin kankan nínú ohun tó wò lọ́jọ́ náà nígbà tó bá ń wẹ̀ tàbí tó bá ń ṣeré. Èyí tó bá kọ láìsí ẹni tó ní kó kọ ọ́ ni kí ẹ máa wá fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò wọ̀nyí, tí mo mọ̀ pé owó kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ gba onígángan kan ṣoṣo fún ìdajì ọjọ́, ẹ kó ọmọ bíi mẹ́fà láti ilé ìwé tó wà nítòsí yín, kí ẹnì kan lé orin, kí àwọn ọmọ gbè é, kí ẹ sì fi ohùn wọn sílẹ̀ bó ṣe rí. Nígbà tí ẹ bá sì ń gé àwòrán, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn lílé kan láìfi ègbè sí i, bí ẹni tó ń gé e bá tilẹ̀ ní ibẹ̀ ṣófo, nítorí ọmọ tó wà nílé ló ni ibẹ̀.